Ọkọ̀ Dúdú Tí Mo Fẹ́ Rà

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fojú kàn án. Inú takisí Micra ni mo wà, àwa mẹ́ta lẹ́yìn, àwọn méjì fún ara wọn mọ́ àga kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ti dá wa dúró ní Ring Road, ní Ìbàdàn. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé agbọ̀n tòmátò lé itan, omi tòmátò náà sì ti ń kán sí mi ní bàtà láti Challenge. Mo yíjú síta kí n lè rí afẹ́fẹ́ gbà sára, ni ojú mi bá bọ́ sára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní àgbàlá àwọn tó ń ta ọkọ̀: Mercedes-Benz C300, dúdú minimini, ẹ̀kán omi òjò tò sí i lára bí ìlẹ̀kẹ̀.

Kí Micra wa tó sún síwájú, ọkàn mi ti jókòó sídìí sítíárìn rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rírà ti wà lọ́kàn mi kí n tó rí Bẹ́ńsì yìí. Ológunẹ́rù ni mo ń gbé, ìtòsí Challenge sì ni ibi iṣẹ́ mi wà. Bíi kìlómítà 15 ló wà láàárín méjèèjì. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ló bá mi ṣe àdéhùn pé kí n máa túmọ̀ ìròyìn sí èdè Yorùbá, ìròyìn aago méje àárọ̀ sì ni ìpín tèmi. Ẹni tí yóò túmọ̀ ìròyìn aago méje gbọ́dọ̀ ti wà nídìí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́fà. Ẹni tó bá sì máa wọ takisí méjì, láti Ológunẹ́rù dé Dùgbẹ̀, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, gbọ́dọ̀ ti dúró létí títì ní aago márùn-ún, nígbà tí òkùnkùn ṣì ṣú débi pé a kò lè dá ojú ẹni tó ń bọ̀ mọ̀. Bàámi, tó ń gbé ní Ìsẹ́yìn, mọ àkókò tí mo ń jáde. Bí aago márùn-ún bá ti kọjá díẹ̀, wọn a pè mí, wọn kì í sì í sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ṣé o ti wọkọ̀?"

Láàárín oṣù kan ṣoṣo nínú òjò ọdún tó kọjá, ìwé wí-tẹnu-ẹ méjì ni mo gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, takisí tí mo wọ̀ kú sí Eléyẹlé, kò sì jí mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, òjò rọ̀ láti òru mọ́jú, kò sí takisí kan tó dúró gbé mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwé àdéhùn wa sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin. Owó tí wọ́n ń san fún mi níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni owó tó ń wọlé fún mi ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Ìyókù dà bí iṣẹ́ ọdẹ: lónìí ẹtu, lọ́la òfo.

Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ náà tó Màámi létí lórí fóònù, wọ́n kígbe ayọ̀. "Mo fẹ́ mú ọkọ̀ wálé," ni mo wí. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì o, ọkọ ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ti bi mí pé ọmọ ìlú wo ni, wọ́n ti bi mí pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kí n tó rí àyè dáhùn pé ọmọ Jámánì ni, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá láyé. Ni wọ́n bá mí kanlẹ̀. "Ọkọ ni mò ń bi ọ́, ọkọ̀ lo fi ń dá mi lóhùn." Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Yorùbá ní yunifásítì, a sì ṣe àpẹẹrẹ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ débi tó sú wa. N kò mọ̀ pé yóò wá bá mi nílé.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín. Kì í ṣe nítorí aago mẹ́fà àárọ̀ nìkan ni Bẹ́ńsì náà fi wù mí. Bí ó bá jẹ́ nítorí aago mẹ́fà nìkan ni, ọkọ̀kọ́kọ̀ tó bá ti ń rìn ni ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń ṣe alága ìdúró níbi ètò ìdána. Ní oṣù kan ṣáájú ìgbà tí mo rí ọkọ̀ yìí, ọ̀kadà ni mo gùn dé gbọ̀ngàn àríyá kan, mo di gèlè, mo wọ aṣọ òkè, mo gbé báàgì gbohùngbohùn mi kọ́ èjìká. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ̀kadà kò gbọdọ̀ wọlé. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó wo báàgì mi, ó wo bàtà mi tó ti jẹ eruku, ó sì ní àwọn tó wá gbé oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni tiwọn. Mo ṣàlàyé pé èmi ni alága. Ó rín ẹ̀rín músẹ́, irú èyí tí ènìyàn ń rín fún ọmọdé tó ní òun fẹ́ di ọba. Ẹni tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, àgbà nídìí rẹ̀, gbọ́ ìtàn yìí, wọn kò sì tù mí nínú rárá. Wọ́n ní, "Àbúrò, ojú ọkọ̀ rẹ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá owó lé ọ lórí." Bẹ́ńsì ni àwọn fúnra wọn ń gùn.

Nítorí náà, nígbà tí mo padà sí Ring Road ní ọjọ́ kejì, ìdí méjì ni mo gbé lọ: ọ̀kan fún aago mẹ́fà, èkejì fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí mo bá wọ irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀, ọmọ tí a bí sókè òkun tí a sì gbé padà wálé. Lónìí, jákèjádò Nàìjíríà, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀: ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fún ìgbà pípẹ́, Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé. Ọkọ̀ ojú omi a já wọn sí èbúté ibẹ̀, àwọn awakọ̀ a sì wà wọ́n gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Nígbà tó tún di oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n dá owó náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lójú dọ́là, owó tòkunbọ̀ fò sókè réré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé irú wa, tí owó wa kò ká tòkunbọ̀ mọ́, wá ń ra èyí tí ẹnìkan ti rà ní tòkunbọ̀, tó ti lò ó ní Nàìjíríà fún ọdún mélòó kan. Ọmọ tí òkun gbé dé ti wá di ọmọ ilé pátápátá. Irú rẹ̀ ni Bẹ́ńsì mi. Ẹ gbọ́ mi, mo ti ń pè é ní tèmi.

Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó sínú rẹ̀. Wọn kì í gba owó wíwò." Mo wọlé, mo fa ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohùn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń dún nígbà tó bá padé: kì í pariwo, kì í mì, ńṣe ni yóò sọ pé "dùm" bí ẹni fi ọwọ́ bo ẹnu ìkòkò. Ariwo Ring Road dópin. Àga aláwọ náà tutù sí mi lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ní ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, pé dókítà kan ló ni ín, tí kì í gbé e jáde ju ọjọ́ Ìsinmi lọ. (Mo ti wo ọkọ̀ mẹ́fà ní ìlú yìí, mẹ́rin nínú wọn ló jẹ́ ti dókítà tàbí ti pásítọ̀ tí kì í jáde ju ọjọ́ Ìsinmi lọ.) Ó pè é ní 6,500,000 náírà. A ná an títí, ó dé 5,800,000. Owó tí mo fi ọdún márùn-ún kó jọ jẹ́ 4,900,000. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà nínú rẹ̀ lè yá mi ní ìyókù. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, kí n mú mẹkáníìkì mi wá.

Mẹkáníìkì mi kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí Píjò 504 ti jẹ́ ọba títì, wọn kì í sì í fẹ́ràn kí ènìyàn máa yin ọkọ̀ létí wọn. Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n ṣe fún mi kí a tó lọ. "Ọmọ mi, pe ọkùnrin náà, kí ó má tan ẹ́ńjìnnì kí a tó dé. Ọkọ̀ tó bá ti gbóná kì í sọ òótọ́." A dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì bí ìyá tó ń wo ibà ọmọ. Ó tutù. Wọ́n tàn án, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n lọ sẹ́yìn wo èéfín rẹ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Ohun tí mo rí kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ju ohun tí mo kọ́ nínú gbogbo oṣù tí mo fi ń wo ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, n óò sì sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń ronú irú èyí. Wọ́n mú mi lọ síwájú gíláàsì ọkọ̀, ní apá òsì, níbi tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣaasí nọ́ńbà. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni. Wọ́n ní kí n ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá. Lára ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá yẹn ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 9 dúró fún 2009, A dúró fún 2010, B dúró fún 2011. Mo kà á, mo tún un kà. 9 ni. Mo bojú wo ọkùnrin tó ń tà á. "Haa, Àǹtí, ẹni tó gbé e wá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o," ni ó wí, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló sì yọ 500,000 náírà kúrò nínú owó rẹ̀. Ọdún méjì ló parẹ́ lójú mi bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ di 5,300,000, inú mi sì burú láti sọ fún yín pé ńṣe ni ọkọ̀ náà tún wù mí sí i.

Ohun tó kàn ni òǹkà ìrìn rẹ̀. Mo ti rí 98,000 lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì ti rò ó ní kìlómítà. Máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń kà á. Ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti lé ní 156,000 kìlómítà. Lára táyà, wọ́n fi ìka tọ́ka sí òǹkà mẹ́rin kan tí mo ti ń rí láti kékeré tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. 1417 ló wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ojú rẹ̀ ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Wọ́n fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìdí, láti wo bóyá ẹrẹ̀ wà ní apá tí ojú kì í tó, nítorí ọkọ̀ tí àgbàrá ti gbé rí pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Bẹ́líìtì náà mọ́. Wọ́n ṣí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ìgbà náà ni ọmọ iṣẹ́ wọn mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, ó sì fi okùn rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ọmọ náà ṣí ojú ewé mìíràn. Ó dà bẹ́ẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣe ìdánwò fún ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí a bá ti ń wà á lójoojúmọ́, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ṣe eléyìí parí, òun ti ṣe tọ̀hún parí. Bí ẹnìkan bá pa gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́, tàbí tí ó yọ bátìrì, ìdánwò náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Lára Bẹ́ńsì yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tó tíì parí. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì rọra sọ̀rọ̀. "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀, ó lè jẹ́ pé onímọ̀ọ́tótó ni. Ó sì lè jẹ́ pé ohun kan wà nílẹ̀ tí kò fẹ́ kí àlejò rí. Èmi kò mọ èwo ni. Ìwọ náà kò mọ̀."

Wọ́n tún wá bi mí ní ìbéèrè kan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ. "Bí ọkọ̀ yìí bá dá ọ dúró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ni o máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú?" N kò rí èsì. Wọ́n ní bí sípéà Corolla bá bàjẹ́, àwọn lè gun ọ̀kadà lọ sí Aràrọ̀mí ní Gate kí wọ́n sì padà dé kí oòrùn tó kanrí. Sípéà Bẹ́ńsì wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti Ládípọ̀, l'Ékòó, ni wọn yóò ti fi í ránṣẹ́, yóò sì gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èmi kò sọ pé ọkọ̀ náà kò dára, wọ́n ní. Ọkọ̀ gidi ni. Ìwọ ni mo ń wò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti ìwé àti kálámù. Ẹ jẹ́ kí n ka ìṣirò mi fún yín bó ṣe wà, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Kìlómítà 30 ni àlọ àti àbọ̀ mi lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, èyí jẹ́ 660. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn, mẹkáníìkì mi ní kí n fi kìlómítà méje sí lítà kan fún C300 tó ní sílíńdà mẹ́fà, kí n fi mọ́kànlá fún Corolla onísílíńdà mẹ́rin. Ilé epo àdúgbò wa ń ta lítà kan ní 900 náírà nígbà náà. Bẹ́ńsì yóò mu nǹkan bí 85,000 náírà lóṣù. Corolla yóò mu 54,000. Takisí méjì lálọ, méjì lábọ̀, ń gba 2,400 náírà lọ́wọ́ mi lójúmọ́, èyí tó jẹ́ 52,800 lóṣù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Corolla tó mọ epo í ṣọ́ yìí, epo rẹ̀ nìkan ti ju owó takisí mi lọ, kí a tó dárúkọ ọ́ìlì, táyà, bíréèkì àti ìwé ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ti sọ fún mi pé ọkọ̀ ara ẹni yóò dín ìnáwó mi kù, ìgbà tí epo kò tó 200 náírà ni ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Ìgbà yẹn parí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Bí mo bá ra ọkọ̀, kì í ṣe owó ni mo fẹ́ fi pamọ́. Ohun tí mo fẹ́ rà ni wákàtí kan oorun, àti ìdákẹ́jẹ́ fóònù Bàámi ní aago márùn-ún kọjá. Mo kọ èyí sílẹ̀ gan-an, mo sì fàlà sí i nídìí, nítorí pé títí di alẹ́ ọjọ́ náà, n kò tíì sọ ọ́ fún ara mi.

Láti ibẹ̀ ni ìṣirò ti yípadà sí mi lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì Bẹ́ńsì yẹn ń gba ọ́ìlì bíi lítà mẹ́jọ ní pípààrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Corolla ń gba mẹ́rin lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Bí mo bá san 5,300,000, mo ti jẹ gbèsè 400,000 kí n tó ra táyà kan ṣoṣo, kò sì ní sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí ohun tí wọ́n gbá sábẹ́ ẹní bá jáde. Ọkọ̀ tí mo rà nítorí ìwé wí-tẹnu-ẹ kẹta lè jẹ́ òun náà ni yóò gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi alága, oníbẹ́ńsì. Mo ti rò pé wọn yóò gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ wọn dọ́ba, wọ́n sì ní àwọn kò kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo wá bi wọ́n léèrè bóyá òun ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà àti síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. "Rárá o. Ọkọ̀ kékeré kan wà nílé tí mò ń gbé kiri. Bẹ́ńsì, fún òde ni." Wọn kò sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí pé n kò bi wọ́n. Ẹnìkan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra Bẹ́ńsì kí n sì yí i sí èyí tó ń lo gáàsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Corolla tí mo rà, Bàámi ló rí i. Ọ̀rẹ́ wọn kan, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ní Ìsẹ́yìn, fẹ́ ta tirẹ̀ nítorí ojú tó ti ń ṣú wọn lálẹ́. Ọdún 2009 ni, ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú Bẹ́ńsì mi. Àwọ̀ eérú ni. Igun bọ́ńpà ẹ̀yìn ti họ, ẹnìkan sì ti fi ọ̀dà tí kò bára mu kùn ún. Wọ́n rà á ní tòkunbọ̀ ní 2014, nígbà tí ọ̀nà Kútọnu ṣì ṣí. Ó ti rin 141,000 máìlì, tó ju ti Bẹ́ńsì lọ fíìfíì, mo sì ti fẹ́ fi èyí ṣe àwáwí. Ni bàbá náà bá wọlé, wọ́n sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, tí wọ́n fi páálí bò. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, òǹkà máìlì ọjọ́ náà, orúkọ mẹkáníìkì, iye owó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀wọ́ olùkọ́ tó gún régé, láti 2014. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọjọ́ tí ewúrẹ́ gun orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ìdúró, bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so ẹ̀rọ wọn mọ́ ọn: gbogbo ìdánwò ló ti parí. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ o, lórí ohun tí kò ju ọ̀rọ̀ ìdérí ọpọ́n epo lọ. Kò sí ẹni tó pa á rẹ́.

"Ọmọ mi, n kò ní bá ọ ná ọjà," ni bàbá náà wí, wọ́n sì gbà 4,200,000. Mo fi ìyókù ra táyà méjì àti bátìrì, mo yí ìwé ọkọ̀ sí orúkọ ara mi, mo san 15,000 náírà fún ìwé adójútòfò tó kéré jù lọ tí òfin fi dandan lé, iye tó ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Mo fi 300,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá béèrè. Ó ti béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó mú epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́ ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun kan, Ìṣẹ́gun gan-an o. Aràrọ̀mí ni wọ́n ti rí òmíràn rà, mo sì wà á lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú.

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo ń jáde báyìí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lójúlé kejì sí wa ń bá mi lọ, a sì ń pín owó epo. Bàámi ṣì ń pè. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ti yípadà: "Ṣé epo wà nínú rẹ̀?"

Mo gba Ring Road kọjá lójoojúmọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méje, Bẹ́ńsì náà ṣì wà níbẹ̀, n kò sì ní parọ́ pé n kò máa ń dẹ sẹ̀ tí mo bá dé iwájú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àyè rẹ̀ ṣófo. Inú mi bàjẹ́ fún bíi wákàtí kan.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo tún padà sí gbọ̀ngàn àríyá ọjọ́sí, láti ṣe alága fún ìdílé mìíràn. Ẹ̀ṣọ́ kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yí gíláàsì sílẹ̀, mo kí i. Ó wo Corolla mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀dà kò ti bára mu, ó sì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà. Iwájú, ó ní, fún àwọn àlejò pàtàkì ni. Kí n gbé e lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé oúnjẹ. Bẹ́ńsì mẹ́ta àti Lexus kan ni mo kà níwájú. Mo gbé e lọ sẹ́yìn. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, mo gbé e sí abẹ́ ibòji rẹ̀, mo wo dígí ọkọ̀ láti tún gèlè mi tò, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé.